Bí Mo Ṣe Fa Wáyà Trolling Motor Sínú Ọkọ̀ Ìpẹja Àlòkù

Trolling motor ni mọ́tò kékeré tó ń fi iná bátìrì ti ọkọ̀ ìpẹja lọ jẹ́jẹ́. Wáyà àtijọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tú dànù. Tí ẹ bá wò ó lóde, ó dára. Àmọ́ bí mo ṣe bó rọ́bà ẹnu rẹ̀, bàbà inú rẹ̀ ti dú bí èédú, ó sì ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ ọbẹ. Mo tún bó o wọlé tó ìbú ọwọ́ kan, dúdú náà ni. Omi ti fà lọ sínú rẹ̀. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ: bí mọ́tò kò bá tíì ṣiṣẹ́, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná á ka volt 12 lórí rẹ̀ láìkù síbì kan. Ìgbà tí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná ni àṣírí á tú.

Mọ́tò yìí jẹ́ ti volt 12, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 55. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, ó máa ń fa nǹkan bí amp 50. Bátìrì wà ní ìdí ọkọ̀, mọ́tò wà níwájú, mítà 5 ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà 10 ni a ó fi ṣírò. Ní amp 50, wáyà 6 mm² (ìwọ̀n bí bàbà inú wáyà ṣe nípọn tó) á jẹ volt 1.5 lójú ọ̀nà yẹn. 16 mm² á jẹ bí 0.6, 25 mm² á jẹ bí 0.36, ìyẹn ìdá 3 nínú 100. Mo mú 25 mm², èyí tí wọ́n fi tánńganran bo bàbà rẹ̀, torí òun ló lè bá omi gbé. Ó wọ́n, ó sì le láti tẹ̀, síbẹ̀ n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó dín in kù.

Bréékà, ohun tó ń gé iná bó bá pọ̀ jù, ti amp 60 ni mo lò, èyí tí wọ́n ṣe fún iná bátìrì, tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ padà. Ẹ má ṣe lo bréékà ilé: iná bátìrì kì í tètè kú bí ojú bréékà bá ṣí, ó lè máa jó lọ nínú rẹ̀. Orí wáyà pọ́sítíìfù ni bréékà ń wà, kó sì sún mọ́ bátìrì dáadáa; ìlànà ABYC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà fún ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, fi í sí ínṣì 7, ó sì fàyè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wáyà bá wà nínú páìpù. Ìdí ni pé kò sí ohun tó ń dáàbò bo gbogbo wáyà tó wà ṣáájú bréékà.

Lọ́ọ̀gì, irin olójú ihò tí wọ́n fi ń so ẹnu wáyà mọ́ bóòtù, gba sùúrù. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fún lọ́ọ̀gì ni kí ẹ fi fún un, kì í ṣe òòlù tàbí píláyà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gbogbo agbára fà á. Bó bá yọ díẹ̀, ẹ gé e, kí ẹ tún un ṣe. Rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú, tó máa ń sún kì bí ooru bá kàn án, ni mo fi bo ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo gba wáyà lókè, níbi tí omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kò ti lè dé. Mo dè é ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 45, mo sì fi rọ́bà sí gbogbo ihò tó gbà kọjá. Négétíìfù lọ tààrà sórí bátìrì. Mi ò fi kan ara ọkọ̀, torí alumíníọ̀mù ni, iná tó bá ṣáko gba ara rẹ̀ á máa jẹ ẹ́ nínú omi. Bátìrì jẹ́ deep cycle (irú tí wọ́n ṣe láti máa tú iná sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́) Ah 100, ó wà nínú àpótí tó ní ihò afẹ́fẹ́, mo sì fi bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀. Pẹ̀lú bréékà ní pípa, mo so pọ́sítíìfù, négétíìfù ló kẹ́yìn.

Inú omi la ti ń dán an wò, torí abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú afẹ́fẹ́ kì í fa iná tó. Mo tẹ̀ ẹ́ dópin, mo ka volt lórí bátìrì, mo tún kà á lẹ́nu mọ́tò: 0.9 ló ti sọnù. Èyí ju ìṣirò lọ. Mo wá ń gbé ẹnu mítà méjèèjì sórí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ara lọ́ọ̀gì sí ara bóòtù rẹ̀. Òdo ló yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Níbi bréékà, mo ka 0.5. Volt 0.5 lọ́nà amp 50 jẹ́ watt 25, gbogbo ooru yẹn sì wà lórí ibi tí kò tó àtàǹpàkò.

Ohun tó fà á nìyí: wáṣà irin ni mo fi sábẹ́ lọ́ọ̀gì dípò kó wà lókè rẹ̀. Ojú lọ́ọ̀gì ló gbọ́dọ̀ tẹ́ mọ́ bréékà, kí wáṣà tó dé, kí nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn. Mo pa bréékà, mo tú négétíìfù kúrò lórí bátìrì, mo fi sáńpépà nu ojú méjèèjì, mo tò wọ́n bó ṣe yẹ, mo sì fi sípánà mú nọ́ọ̀tì le. Mo so négétíìfù padà. Ní ìdánwò kejì, 0.4 péré ló sọnù, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 mo sì lè di lọ́ọ̀gì náà mú láìjẹ́ pé ó jó mi lọ́wọ́.