Bí mo ṣe ṣètò àga oníkẹ̀kẹ́ Màmá wa kí a tó wọ bàálù n'Íkẹjà

Kí n tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá ni mo ti pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Oníbátìrì ni àga oníkẹ̀kẹ́ Màmá wa, mi ò sì fẹ́ kí a dé kàńtà kí ẹnì kan wá ní òun ò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó gbé fóònù bi mí pé ṣé Màmá lè gun àtẹ̀gùn. Kí n tó lanu, wọ́n ti dáhùn látorí ìjókòó wọn: "Mo lè gùn ún dáadáa!" Èmi àti àbúrò mi la máa ń gbé wọn gòkè ilé wa ní Sùúrùlérè o. Ìdáhùn yẹn sì ni gbogbo ètò dúró lé. Kóòdù WCHR ni wọ́n ń kọ fún ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn bàálù ṣùgbọ́n tí kò lè rìn jìnnà. WCHS ò lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ ó lè rìn dé ìjókòó rẹ̀. WCHC, gbígbé ni wọ́n máa gbé e jókòó. Tí wọ́n bá kọ WCHR fún ẹni tí kò lè dìde, ìdí àtẹ̀gùn ni ẹ ó ti máa wojú ara yín. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, WCHC ni." Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó wá ku bátìrì. Lithium tó ṣeé yọ ni, irú rẹ̀ kì í lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ọ̀dọ̀ èrò ló ń wà, níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè tètè rí i tó bá gbiná. Agbára iná tó lè gbà, tí wọ́n ń fi Wh (watt-hour) wọ̀n, kò gbọ́dọ̀ ju 300 Wh lọ. Tó bá jẹ́ méjì, 160 Wh ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. 24 V àti 10 Ah ni wọ́n kọ sára tiwa. Ẹ fi ìkíní sọ ìkejì di púpọ̀, 240 Wh nìyẹn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, mo fi ìwúwo àga náà kún un.

Ní kàńtà, wọ́n fẹ́ gba àga náà pẹ̀lú àpótí. Mo kọ̀. Mo ní kí wọ́n so káàdì mọ́ ọn pé ẹnu ọ̀nà bàálù ni wọn ó ti gbà á. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí ìjọba bu ọwọ́ lù ní 2019 ní kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú pèsè àga tó dára, kí wọ́n sì ran èèyàn lọ́wọ́ wọlé àti jáde, ṣùgbọ́n àga pápákọ̀ ò lè bá ẹ̀yìn Màmá mu bíi tiwọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti yọ bátìrì, mo fi téèpù bo ojú irin rẹ̀, mo sì kó tìmùtìmù ìjókòó sápò.

Nígbà tí a dé Àbújá, mo fi àga náà wé fọ́tò tí mo yà n'Íkẹjà kí a tó kúrò ní pápákọ̀. Ibi ìgbọ́wọ́lé òsì ti họ. Mo dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì fún mi ní ẹ̀dà kan.