Ẹ yéé náwó sórí orin tẹ́ ẹ ò gbọ́: àṣìṣe tí mò ń rí ní Lágere

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀ níbí, orin post-punk (orin gìtá òyìnbó tó jáde lẹ́yìn punk, ní ìparí àwọn ọdún 1970) àti orin gìtá tó ń dún bíi ṣaworo etí ìyáàlù yẹn ló máa ń dún ní ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ títí mo fi ń tì í, torí náà kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yunifásítì kan ò ní yà wọlé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń gbọ́ yìí, báwo lèmi náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe máa ń padà wá lẹ́yìn oṣù méjì: owó ti lọ, dátà ti tán, wọn ò sì lè dárúkọ orin márùn-ún tó wọ̀ wọ́n lára. Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí post-punk jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

1. Ríra tíṣáàtì ṣáájú orin.

Èyí tó dúdú, tó ní ìlà funfun wérewère láyà. Páálí àwo Unknown Pleasures ti Joy Division, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ England kan, nìyẹn, 1979, Peter Saville ló ṣètò ẹ̀, àwọn ìlà yẹn sì jẹ́ àmì tí ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní pulsar ń rán wá láti òfuurufú. Ọmọkùnrin kan wọ̀ ọ́ wá sọ́dọ̀ mi, mo bi í pé orin wo ló fẹ́ràn jù nínú ẹ̀, ó ní òun rò pé àwòrán òkè ni. Owó tó fi rà á tó dátà oṣù kan! Àwo méjì péré sì ni Joy Division ṣe. Ian Curtis tó ń kọrin fún wọn kú lọ́jọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, Closer jáde lẹ́yìn ikú ẹ̀, àwọn tó kù di New Order. Ọ̀sán Sátidé kan tó láti gbọ́ àwo méjèèjì tán, ẹ gbọ́ wọn ná, kẹ́ ẹ tó wá wo ti aṣọ.

2. Gbígbọ́ ọ láti inú sípíkà fóònù. Báàsì Peter Hook, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, ló ń kọrin nínú Joy Division, òun gan-an ló gbé ohùn orin dání, sípíkà fóònù ò sì lè gbé e jáde dáadáa, ẹ ra íàpíìsì tó dáa kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

3. Ríra orin lókìtì.

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ dáadáa, torí mo ti jìyà ẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Iléṣà dé Ifẹ̀, ẹnì kan wà tó ń ta orin tó ti kó sínú háàdì dísìkì, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án orin gìtá òyìnbó ló wà níbẹ̀, àtayébáyé àti tuntun. Owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo kó fún un, mi ò tiẹ̀ ná an. Mo délé, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ṣí fódà àkọ́kọ́: Track 01, Track 02, Track 03. Mo ṣí òmíràn: Track 01, Track 02. Kò sórúkọ olórin, kò sọ́dún, kò sí páálí àwo, òmíràn dé àárín ó gé, òmíràn sì jẹ́ orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tí òkìtì máa ń ṣe fún èèyàn ni pé ẹ ó gbọ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ ó fò, ẹ ó gbọ́ ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ ó fò, torí ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ó lé ṣì wà nílẹ̀. Bí ẹni tó lọ síbi ìnáwó, tó ń fìka tọ́ ọbẹ̀ gbogbo ìkòkò wò, tó sì padà sílé lébi. Orin yìí ò sì ṣe é gbọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kì í wọni lára lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà kẹrin, ìgbà karùn-ún, kẹ́ ẹ tó gbọ́ pé gìtá kejì ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Orin kan wà nínú òkìtì yẹn tó ń jẹ́ Track 07. Gìtá kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ń tàn yanran bí oòrùn àárọ̀, kò pẹ́ sígbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀, gìtá míì wá wọlé, òtútù bá a wọlé, ìlù ń sáré jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn kíákíá lóru tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́, ọkùnrin kan wá ń fohùn kékeré kọrin bí ẹni tó jí rí ohun tí kò fẹ́ rí. Mo gbọ́ ọ títí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá orúkọ orin yìí. Mo fẹnu kọ ọ́ fáwọn èèyàn, mo kọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ orin ní yunifásítì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Orúkọ ló gbà mí nígbẹ̀yìn. Mo ń kà nípa The Clean, àwọn ọmọ Dunedin ní New Zealand tí wọ́n gbé "Tally Ho!" jáde ní 1981 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Flying Nun, tí Roger Shepherd ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Christchurch. Mo ní kí n wo àwọn míì tí ilé-iṣẹ́ yẹn gbé jáde, mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, The Verlaines, The Bats, mo wá dórí The Chills. Gìtá yẹn tàn yanran, mo dìde lórí àga. "Pink Frost" ni. Wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1982, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa Martyn Bull tó lu ìlù ẹ̀ ní 1983, orin náà jáde ní 1984. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fìka lu ìlù ọmọkùnrin yẹn lórí tábìlì mi láìmọ̀ pé kò sí láyé mọ́ kí orin ẹ̀ tó jáde. Ohun tí Track 07 gbé pa mọ́ fún mi nìyẹn, mo sì sanwó fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, àwo kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wá ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀: ta ló ta gìtá, ta ló lu ìlù, ta ló darí ẹ̀, ilé-iṣẹ́ wo ló gbé e jáde. Kẹ́ ẹ mú orúkọ kan níbẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ̀lé e. Ẹ wo àwo Cut tí ẹgbẹ́ The Slits ṣe ní 1979. Dennis Bovell ló darí ẹ̀, ọmọ Barbados tó dàgbà sí London, ọ̀gá nínú réggè. Ẹ tẹ̀lé Bovell: òun náà ló darí àwo àkọ́kọ́ The Pop Group lọ́dún kan náà, ẹ ó tún bá a lẹ́yìn Orange Juice ní 1984, àwọn ará Glasgow tí gìtá wọn ń dún bíi ṣaworo gan-an, ó sì tún bá Fẹlá wa ṣiṣẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló gbé yín rin gbogbo ọ̀nà yẹn. Háàdì dísìkì wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

4. Jíjẹ́ kí áàpù máa yan orin fún yín lójoojúmọ́. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo ń kọ orin tó ń yàn sínú ìwé, láti aago méjì ọ̀sán sí aago mẹ́fà, orin kan padà wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ ló máa ń dá padà fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tuntun, ẹ fọwọ́ ara yín wá a. Lórí Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn fúnra wọn, ọ̀pọ̀ àwo lẹ lè gbọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ìlú tí olórin ti wá máa ń wà níbẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀ náà, tẹ́ ẹ bá sì rà á, èyí tó pọ̀ nínú owó yẹn ló ń dé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Dátà òru ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, kì í ṣe tọ̀sán.

Ẹ má sì ra gìtá olókùn méjìlá torí pé ẹ gbọ́ orin kan ṣoṣo ti The Byrds, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ mọ́ irú gìtá yẹn.

Àwo oníke wá ńkọ́? Ẹ má pè é wá láti òkè òkun nígbà tẹ́ ò tíì ní ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa fi gbọ́ ọ, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan bá mi ra ọ̀kan bọ̀ láti London, ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò lábẹ́ gíláàsì, wọ́n bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan, kó tó dé Ifẹ̀ ó ti ká bí ewé kókò. Mo fi sórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ń gùnkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ohùn olórin ń mì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo gbé ìwé ńlá lé e lórí fún oṣù kan, kò nà. Owó ẹ̀ ì bá ra àwo mẹ́fà lórí fóònù. Ẹ tún ro ti eruku ọyẹ́ àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ tó dáa àti ibi tútù tó ń kó àwo sí, kó máa rà á, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ó tún ku kan tó ń dùn mí bákan náà, ìyẹn ni pé káwọn ọmọ wa fi etí jùjú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé síbi orin yìí, bí ẹni pé ohun àjèjì pátápátá ni. Bàbá mi ní Iléṣà ní àpótí àwo, I.K. Dáíró ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí kò jìnnà sí wa ni, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963. Nínú jùjú ni mo ti kọ́ bí gìtá kan ṣe ń pè, tí èkejì ń dáhùn, tí ẹ̀kẹta ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìyẹsẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ gìtá Johnny Marr nínú "This Charming Man" ti The Smiths, 1983, mo rò pé mo wà ní pálọ̀ bàbá mi ni. Ẹgbẹ́ Talking Heads ti New York ò sì fi pa mọ́ pé àwo Afrodisiac tí Fẹlá ṣe ni wọ́n ń gbọ́ kí wọ́n tó ṣe Remain in Light ní 1980. Ọdún 1982 tí Orange Juice gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ni Juju Music ti Sunny Adé náà jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Island tó sì ń káàkiri ayé. Etí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ Sunny Adé ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ Rolling Blackouts Coastal Fever, àwọn ará Melbourne tó ní gìtá mẹ́ta lójú agbo, ẹ gbọ́ Hope Downs, 2018, kẹ́ ẹ pín gìtá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níyà sọ́tọ̀, ẹ ó rí i pé ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́.

Àwọn kan á tún sọ pé olórin ò lóhùn, pé ńṣe ló kàn ń sọ̀rọ̀. Florence Shaw ti ẹgbẹ́ Dry Cleaning ń sọ̀rọ̀ lórí gìtá nínú New Long Leg, 2021, lóòótọ́. Akéwì ńkọ́, ta ló sọ fún akéwì níbí rí pé kò lóhùn?

Ẹ má sì dúró sí 1986. Kásẹ́ẹ̀tì C86 tí ìwé ìròyìn NME gbé jáde lọ́dún yẹn dáa, ẹgbẹ́ 22 ló wà lórí ẹ̀, àmọ́ mo mọ ẹni tó ti gbọ́ gbogbo wọn tó sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Fontaines D.C. ti Dublin ṣe Dogrel ní 2019. The Beths ti Auckland ṣe àwo àkọ́kọ́ wọn ní 2018, Alvvays ti Toronto ṣe Blue Rev ní 2022. Àwọn yìí ń rin ìrìn-àjò kiri, wọ́n ń jẹun nídìí orin, owó yín wúlò fún wọn ju fún ẹni tó ń ta háàdì dísìkì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan mú fláàṣì wá, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kó gbogbo ẹ̀ sí i." Mo ní rárá. Mo kọ orúkọ orin kan sórí bébà fún un, "Rip It Up" ti Orange Juice, 1983, mo ní kó máa gbọ́ ọ, kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé wá sọ fún mi ẹni tó ń lu ìlù ẹgbẹ́ náà àti ibi tó ti wá. Kò dúró de Sátidé. Ọjọ́bọ̀ ló yọ, kò tiẹ̀ tíì gòkè àtẹ̀gùn tán tó fi ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, Zeke Manyika! Ọmọ Zimbabwe ni! Ó sì fi èdè wọn kọrin nínú orin kan!"

Mo ní kó jókòó, ká gbọ́ ọ.