Iná ṣíwájú láptọ́ọ̀pù: bẹ́ẹ ṣe lè to ibi iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì yín n'Íjẹ̀bú lọ́dún yìí

Tẹ́ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà lọ́dún yìí tórí iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kọ́kọ́ mú bébà. Ẹ kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tẹ́ẹ fẹ́ parí kí ọdún tó tán síbẹ̀, kó jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín ní nọ́ńbà fóònù tẹ́ẹ lè pè, kẹ́ẹ tó máa bi àwọn èèyàn pé láptọ́ọ̀pù wo ni kí n rà. Tẹ́ẹ bá fi ti kọ̀ǹpútà ṣíwájú, ẹ máa ra èyí tó ju iṣẹ́ lọ tàbí èyí tí iṣẹ́ máa jù lọ, owó ló sì máa bá a lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń pè wá lọ́mọ Ìjẹ̀bú tó mọ owó ná.

Ẹ má kọ "mo fẹ́ mọ React, mo fẹ́ mọ Python, mo fẹ́ mọ AI" síbẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó máa sanwó fún ohun tẹ́ẹ fẹ́ mọ̀, ta ni ẹ ṣe é fún, ọjọ́ wo ló fẹ́ gbà á, ohun tí wọ́n máa bi yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ n fún yín ní àpẹẹrẹ kan tó wà nítòsí. Àwọn regbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tó ń jáde lọ́dún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gba owó aṣọ. Akápò á máa kọ orúkọ sínú ìwé, rísíìtì á máa wọlé lórí WhatsApp, ẹnì kan á ní òun ti san ìdajì fún Alhaji, Alhaji á ní òun ò rí i, tó bá wá di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín aṣọ, ariwo á sọ. Ojú ewé kan tó ń gba orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí kálukú san àti ọ̀pá aṣọ tó gbà, tó sì lè yọ orúkọ àwọn tó ṣì jẹ gbèsè jáde lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ó ní fọ́ọ̀mù, ó ní database, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń to àkọsílẹ̀ sí, ó ní ibi tí akápò nìkan lè wọ̀, orí fóònù ni gbogbo wọn sì ti máa lò ó. Ẹni tó bá parí ẹ̀ ti kọ́ ohun tó pọ̀ ju ẹni tó ń wo fídíò láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá lọ.

Ohun tí mo tún fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé ọjọ́ ẹ̀ ò ṣeé sún. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ẹ ti ṣe tán àbí ẹ ò tíì ṣe tán, ẹṣin á jó. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá sì ń tẹ̀lé, ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó kọjá lọ lórí kàlẹ́ńdà òyìnbó, nítorí náà ẹ má kan déètì mọ́ inú kóòdù, ẹ jẹ́ kí akápò lè yí i padà fúnra ẹ̀.

Ó yá, iná. Yálà Ìjẹ̀bú-Òde lẹ wà o, Àgọ́-Ìwòyè, Ṣàgámù tàbí Ìlíṣàn, iná ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó yín, torí láptọ́ọ̀pù tó dáa jù láyé tó ti kú, pákó ni. Ẹ ò nílò jẹnẹrétọ̀ ńlá, ariwo ẹ̀ ò tiẹ̀ ní jẹ́ kẹ́ẹ ronú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò inverter kékeré. Bátìrì 12V, 100Ah: ẹ fi 12 lọ́nà 100, ó di 1200Wh, ìyẹn iye iná tó wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ tubular tàbí èyí mìíràn tó ń lo ásíìdì, ẹ má lò ju ìdajì lọ tẹ́ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ku 600, inverter fúnra ẹ̀ náà á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ ṣáà kà á sí 500. Láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lè máa jẹ bíi 45W, ráútà bíi 10W, àpapọ̀ 55W. Pín 500 sí 55, bíi wákàtí 9 nìyẹn, ilẹ̀ ọjọ́ kan ti ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ wá tan fáànù tó ń jẹ 50W mọ́ ọn, ó di 105W, kò ní pé wákàtí 5 mọ́. Fáànù ló ń jẹ wá níyà ju kọ̀ǹpútà lọ, ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé jókòó sí jàre. Bátìrì lithium wọ́n o, àmọ́ ẹ lè lo bíi 80 nínú 100 agbára ẹ̀ láìbà á jẹ́, tówó bá wà òun ni kẹ́ẹ rà.

Tówó inverter ò bá tíì sí, powerbank tó ń gbé 65W jáde látẹnu USB-C lè gbà yín, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa kí láptọ́ọ̀pù yín lè gbaná gba ẹnu yẹn, àwọn ti àtijọ́ kì í gbà á. Kẹ́ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n fi 20000mAh dẹ́rù bà yín, 74Wh péré ni ìyẹn, á fún láptọ́ọ̀pù níná lẹ́ẹ̀kan, bóyá kó ṣẹ́kù díẹ̀ fún fóònù.

Láptọ́ọ̀pù wá kàn. Tòkunbọ̀ ni mo máa ní kẹ́ẹ rà, mi ò ní fi bò. Tuntun tó pọ́ọ́kú sábà máa ń ní RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 4GB àti ẹ́ńjìnnì tí ò lágbára, gbàràgbàrà ojú ẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ wá ThinkPad T480, Latitude 5490 tàbí EliteBook 840 G5, iṣẹ́ ọdún 2018 ni wọ́n, àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ti lò wọ́n tì, wọ́n sì le. Mo mú ọdún yẹn torí ẹ́ńjìnnì Intel Core i5 ìran kẹjọ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, láti ìran yẹn lọ ni Windows 11 ti ń gba Intel wọlé, Windows 10 sì ti kúrò lábẹ́ ìtọ́jú Microsoft láti 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. T480 yẹn tún ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, ẹ lè yọ ti ẹ̀yìn kẹ́ẹ fi òmíì sí i láìpa kọ̀ǹpútà. Fún ẹni tó ń gbé ibi tí wọ́n ti ń mú iná lọ lọ́sàn-án gangan, ìyẹn nìkan tó láti rà á.

RAM 8GB á gbé yín débì kan, 16GB ló máa jẹ́ kẹ́ẹ simi, torí Chrome pẹ̀lú VS Code, ìyẹn ibi tẹ́ẹ ti máa kọ kóòdù, lásán ti lè kó 8GB jẹ. Ní ti ibi ìtọ́jú fáìlì, SSD tó ń yára ni kẹ́ẹ gbà, 256GB tó. Ẹni tó bá fẹ́ ta HDD, èyí àtijọ́ tó ń falẹ̀, fún yín, ẹ kí i, kẹ́ẹ máa lọ.

Yálà Computer Village n'Íkẹjà lẹ ti rà á tàbí lọ́wọ́ ẹnì kan níbí, ẹ má sanwó kẹ́ẹ tó ṣe nǹkan wọ̀nyí níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kẹ́ẹ máa tẹ F1 tó bá jẹ́ Lenovo, F2 tó bá jẹ́ Dell, F10 tó bá jẹ́ HP, kẹ́ẹ rí BIOS wọ̀, ìyẹn ibi ètò kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ tó ń ṣí kí Windows tó dé. Tó bá béèrè password tí ẹni tó ń tà á ò mọ̀, ẹ dìde. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí (Command Prompt), ẹ tẹ `powercfg /batteryreport`, ó máa sọ ibi tó tọ́jú ìwé kan sí fún yín. Nínú ẹ̀, ẹ wo DESIGN CAPACITY, ìyẹn agbára tí wọ́n bí bátìrì náà mọ́, àti FULL CHARGE CAPACITY, èyí tó kù lára ẹ̀. Tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000 tí èkejì jẹ́ 20,000, ó ti lo ju ìdajì ayé ẹ̀ lọ, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tó pè. Ẹ ṣí ojú ewé funfun gbòò kẹ́ẹ rí àbàwọ́n ojú ẹ̀, ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà orí kíbọọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹni tó ń tà á bá ń kanra, ẹ fi í sílẹ̀, kọ̀ǹpútà pọ̀ lọ́jà.

Ti MacBook M1, bátìrì ẹ̀ ń pẹ́ gan-an, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ RAM tó bá bá a wá náà lẹ máa lò dọjọ́ alẹ́, kò ṣeé fi kún.

Ohun tó kàn ni àwọn irinṣẹ́ tẹ́ẹ máa kó sórí ẹ̀. VS Code, Git tó ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́ yín, Node.js tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín, Chrome àti Firefox, ó tán. Node.js tí wọ́n kọ LTS sí lára, ìyẹn èyí tí wọ́n máa tọ́jú pẹ́, ni kẹ́ẹ gbà. Nínú VS Code, ẹ lọ síbi Auto Save kẹ́ẹ fi sí afterDelay, kó máa tọ́jú iṣẹ́ fúnra ẹ̀, ẹni tí iná ti mú iṣẹ́ ẹ̀ lọ rí mọ ohun tí mò ń wí. Git náà, Linus Torvalds ló kọ ọ́ lọ́dún 2005, orí kọ̀ǹpútà yín ló ń tọ́jú iṣẹ́ sí tẹ́ẹ bá ṣe commit (ìyẹn kẹ́ẹ fi àmì sí ibi tẹ́ẹ bá a dé), kò wá íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ìgbà tẹ́ẹ bá fẹ́ push, ìyẹn kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí GitHub tó ń tọ́jú iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan ló nílò dátà. Ẹ máa commit nígbàkigbà, kẹ́ẹ wá push lálẹ́ nígbà tí dátà bá dínwó.

Lórí ọ̀rọ̀ dátà, `npm install`, àṣẹ tó ń kó kóòdù táwọn ẹlòmíì ti kọ wálẹ̀ fún iṣẹ́ yín, ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó rí ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ lo pnpm dípò ẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló ń kó àwọn páálí kóòdù pamọ́ sí lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tuntun tẹ́ẹ bá bẹ̀rẹ̀ á mú láti ibẹ̀, kò ní tún lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ fún Windows pé Wi-Fi yín jẹ́ metered (èyí tí dátà ẹ̀ níye), kó yéé dá àwọn nǹkan gbọ̀ngbọ̀n wálẹ̀ láìtọrọ ààyè. Ìwé ìtọ́nisọ́nà náà, wẹ́bùsáìtì DevDocs ní ibi tẹ́ẹ ti lè dá ti HTML, CSS àti JavaScript wálẹ̀ kẹ́ẹ máa kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ fetí sí jù nìyí, torí àwọn tó ń kọ́ni ní kóòdù lédè òyìnbó kì í dé ibẹ̀. Iṣẹ́ akápò yẹn, orúkọ Yorùbá ló kún inú ẹ̀. Ẹ fi `<html lang="yo">` àti `<meta charset="utf-8">` sókè ojú ewé, ìyẹn rọrùn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà), U+1EB9, ọ ní tiẹ̀, ṣ ní tiẹ̀, àmọ́ tẹ́ẹ bá gbé àmì lé e lórí kó di ẹ́, kò ní nọ́ńbà àdáni mọ́, lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì kan tó ń tẹ̀lé e ni kọ̀ǹpútà ń rí. Fóònù kan lè tẹ ẹ kó wá fi àmì òkè lé e, òmíì á tẹ é kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú tèmi tìẹ, ọ̀kan náà ni, nínú database, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ti sanwó aṣọ pátá, akápò wá orúkọ ẹ̀, kò rí i, ó ní kò tíì san. Ìjà dé nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sì dá a sílẹ̀.

Ojútùú ẹ̀ ò pọ̀. Kí orúkọ tó wọ database, ẹ fi `orúkọ.normalize("NFC")` kọjá lára ẹ̀, àṣẹ JavaScript tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì yẹn di ọ̀kan ni, kẹ́ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún ohun tí akápò bá tẹ̀ síbi ìwárí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ní fi àmì kankan síbẹ̀, Segun lásán ni wọ́n máa tẹ̀. Fún ti wọn, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kejì tẹ́ẹ ti bọ́ gbogbo àmì lára ẹ̀: `normalize("NFD").replace(/[\u0300-\u036f]/g, "")`, kẹ́ẹ máa fi ìyẹn ṣe ìwárí. Àmọ́ ohun tó máa hàn lójú ewé, orúkọ olórúkọ bó ṣe kọ ọ́ ni kó jẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà yín, ó wà nínú Windows, ó wà lórí Linux, kẹ́ẹ lè dán an wò dáadáa.

Tẹ́ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ má dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù nìkan. Ẹ yá Android olówó pọ́ọ́kú tí ojú ẹ̀ ti fọ́ díẹ̀, irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa l'Ókè-Ajé, kẹ́ẹ gbé e fún ìyá kan kẹ́ẹ dákẹ́ kẹ́ẹ máa wò wọ́n. Tí wọ́n bá ní "ọmọ mi, kí ló dé tó ń yí tí ò ṣí?", fọ́tò yín ló wúwo, ẹ sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì fọ́tò tó fúyẹ́, kẹ́ẹ gé e kéré. Nínú Chrome, ẹ tẹ F12 kẹ́ẹ lọ síbi Network, ẹ lè sọ íntánẹ́ẹ̀tì yín di 3G kẹ́ẹ fojú ara yín rí ìyà tí àwọn èèyàn ń jẹ.

Àga tó gbé ẹ̀yìn ró, kẹ́ẹ gbé ojú láptọ́ọ̀pù ga díẹ̀ kí ọrùn má bàa dá yín lóró, kíbọọ̀dù àti máòsì olówó kékeré. Ìyẹn náà tó.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ iye ẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà, ẹ gba ìdajì, kẹ́ẹ kọ ohun tẹ́ẹ máa ṣe àtèyí tẹ́ẹ ò ní ṣe sílẹ̀. Àgbà ni wọ́n o, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ẹ ṣì gba owó yín. Orúkọ wẹ́bùsáìtì wọn, ì báà jẹ́ .com.ng tàbí .com, orúkọ ẹgbẹ́ àti ímeèlì ẹgbẹ́ ni kẹ́ẹ fi rà á, kì í ṣe tiyín, kí wọ́n má bàa máa wá yín kiri tẹ́ẹ bá kó lọ s'Ékòó. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa tán sórí kàlẹ́ńdà fóònù yín àti ti akápò, tó bá ti ku oṣù kan, ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá san tọdún tó ń bọ̀.