Àṣìṣe táwa kóòṣì ń ṣe tó ń mú kí ọmọ máa sá fóńjẹ

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi. Ọmọbìnrin ọdún 16 kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń sá 800 mítà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé dé láti họ́lídè Kérésì, mo wò ó lókè wò ó nílẹ̀, mo ní "Ìwọ yìí, ráìsì ọdún mà ti hàn lára ẹ o." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Òun ò gbàgbé.

Kó tó tó oṣù méjì ó ti fúyẹ́, táìmù ẹ̀ já wálẹ̀ pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì 3, inú mi dùn débi pé mo pè é síta, mo ní káwọn tó kù wo ẹni tó mọ ohun tó wá ṣe. Ibí gan-an ló ti máa ń tan kóòṣì jẹ, torí tọ́mọ bá kọ́kọ́ rù, ó lè sáré dáadáa fúngbà díẹ̀, àwa á máa pàtẹ́wọ́, a ò ní mọ̀ pé ara ẹ̀ ló ń jẹ. Nígbà tó di May, ojúgun ń dùn ún, mo ní kó fi àbóníkí pa á. Wọ́n ya X-ray, egungun ti sán. Nọ́ọ̀sì ló bi í léèrè nǹkan oṣù ẹ̀, ó ní òun ò rí i láti February. Èmi tí mò ń rí i lójoojúmọ́ ò mọ nǹkan kan.

Àwọn kóòṣì kan ṣì wà tí wọ́n á ní tí nǹkan oṣù bá dúró, tréníìn ló ń wọlé yẹn. Irọ́ gbáà ni. Tóńjẹ tọ́mọ ń jẹ ò bá tó agbára tó ń lò, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn iṣẹ́ kan tì, họ́móònù tó ń dáàbò bo egungun náà á lọ sílẹ̀. Lọ́dún 2014, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé sọ ọ́ lórúkọ, RED-S, ìyẹn kí agbára má tó fún eléré ìdárayá, torí wọ́n rí i pé kì í ṣe obìnrin nìkan, ọkùnrin náà ń ní in. Tójú bá ń tì yín láti béèrè, ẹ bẹ nọ́ọ̀sì tàbí kóòṣì obìnrin kó bá yín béèrè, kẹ́nì kan ṣáà ti béèrè.

Gbígbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n lójú ẹgbẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Mary Cain, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń sáré, ọdún 17 ló wà tó fi wọ ẹgbẹ́ Nike tó wà ní Oregon lọ́dún 2013. Lọ́dún 2019 ó sọ fún New York Times pé wọ́n fẹ́ kóun já sí pọ́ùn 114, wọ́n ń wọn òun níṣojú àwọn yòókù, òun ò rí nǹkan oṣù fún ọdún 3, egungun 5 ló sì ṣẹ́ lára òun. Kóòṣì ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí o, àmọ́ ọmọ tó ń sáré ju gbogbo ojúgbà ẹ̀ lọ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àti ìjàkadì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń we ọmọ ní nylon kó máa sáré nínú oòrùn ọ̀sán kó lè bọ́ sí wéètì, ẹ jọ̀ọ́. Ní 1997, láàárín bí oṣù kan péré, ọmọ yunifásítì 3 ló kú ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kára já fún ìjàkadì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fòfin de aṣọ rọ́bà.

Èyí tó wá le jù lọ́dọ̀ tiwa níbí ni ààwẹ̀. "Mo ń gbààwẹ̀ ni sà," ta ló fẹ́ bá ọmọ jà lórí ìyẹn? Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ní ọjọ́ tó máa parí, ti ṣọ́ọ̀ṣì náà ní. Èyí tí ò lọ́jọ́, tí ò ní ìṣínu, tọ́mọ bá dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun á ní òun ti jẹ nílé, tó ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, tó bá tiẹ̀ jẹun tán á gba ilé ìgbẹ́ lọ, ìyẹn kì í ṣe ti Ọlọ́run mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti wá fura, ẹ má dúró tì í pé kó jẹ ẹ̀bà yẹn tán lójú yín (mo ti ṣe é, ó lọ bì í). Ẹ má sì fi lílé kúrò nínú ẹgbẹ́ dẹ́rù bà á, á kàn kọ́ bó ṣe máa fi pamọ́ sí i ni. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀: "Mo rí i pé kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́ mọ́, ṣé kò sí o?" Tó bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá ẹ̀ mọ̀, kẹ́ ẹ sì jọ wá dókítà, torí iṣẹ́ yìí ti kọjá ti wíìsù tó wà lọ́rùn wa.

Òṣùwọ̀n tó wà ní stóò wa, mo ti gbé e fún bọ̀ọ̀dá tó ń ra irin àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìdì. Irin ló fi ń wọ̀n báyìí.