Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíka àti kíkọ ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ ní èdè Nọ́wè

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni a fi ń kọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, jernbanestasjon, ni àwọn ará Nọ́wè ń kọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe wa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Má ṣe la ẹnu ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó rí oríkèé rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ bilde, tí í ṣe àwòrán, lè ka bildeler bí bilde-ler, nígbà tí ó jẹ́ pé bil-deler ni, èyíinì ni àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò.

Èyí tí ó ń ká mi lára jù ni ọ̀ràn ìtẹnumọ́. Nínú èdè tiwa, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀, nítorí náà a máa ń pín agbára dọ́gba fún sílébù márààrún jernbanestasjon, olùgbọ́ kò sì ní tètè mọ ohun tí a sọ. Orí jern ni agbára gbọ́dọ̀ wà jù, kí èyí tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ wà lórí sjon, kí a sì rọra kọjá lórí ìyókù. Bí stasjon bá dá dúró, sílébù ìkẹyìn rẹ̀ ni a ń tẹ̀ gidigidi; má ṣe gbé agbára yẹn wọ inú àkànpọ̀. Etí tí a fi mọ ohùn kò kúkú ní ṣòfò, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Nọ́wè, ohùn ló ya bønder, àwọn àgbẹ̀, sọ́tọ̀ sí bønner, ẹ̀wà.

Bí ìlà bá tán, oríkèé ni kí o ti gé ọ̀rọ̀. Lẹ́tà s tó so arbeidsplass, ibi iṣẹ́, pọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá apá kejì lọ: arbeids-plass ni. Nattog, ọkọ̀ ojú irin alẹ́, gbé t kan mì nígbà tí natt àti tog pàdé. Bí o bá gé e, t náà yóò padà: natt-tog.

Paríparì rẹ̀, má ṣe fi àlàfo sí i láàárín. Lammelår ni itan ọ̀dọ́ àgùntàn, ṣùgbọ́n lamme lår ni itan tí ó ti rọ. Bí ẹnì kan bá sì ya røykfritt, tó ń sọ pé a kì í mu sìgá níbí, sí røyk fritt, ohun tó kọ sára ògiri ni pé kí àlejò máa mu sìgá bó ṣe wù ú.