Bí mo ṣe ń pín ife òkúta àtijọ́ sí ọ̀wọ́

Ẹ má kọ́kọ́ wo ejò tí wọ́n gbẹ́ sára ife. Mo mọ̀ pé òun ló ń fa ojú, ṣùgbọ́n ìrísí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ṣé ó nà ṣánṣán bí agolo mílíìkì ni? Ṣé ìbàdí rẹ̀ fún bíi ti gángan? Àbí ó la ẹnu bí àwo? Ẹ wọn ẹnu, ẹ wọn ìdí, ẹ wọn gíga.

Lẹ́yìn náà ni ọnà. Nínú àwọn ti òkúta chlorite, tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè ha á, ọ̀wọ́ méjì ló ṣe pàtàkì. Èkíní kún fún àwòrán: ejò, àkeekèé, ọ̀pẹ, màlúù oníké, ẹnu ọ̀nà ilé, ẹní híhun. Wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí ọdún 2500 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n rí i ní Jiroft ní Ìráànì, ní erékùṣù Tarut ní Saudi Arabia, títí dé Mari ní Síríà. Èkejì kò ní ju òbìrí tó ní ààmì láàárín lọ, bí ìyẹ́ ẹtù. Èyí wọ́pọ̀ ní Oman, ó sì kéré lọ́jọ́ orí sí ti àkọ́kọ́.

Àfọ́kù kékeré ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èmi fúnra mi ti pe ara ejò ní ẹní rí! Ojú ihò róbótó tó tò lára ejò ló yẹ kí n ti wá.

Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti wú u jáde. Láti ọdún 2001 tí àwọn ènìyàn ti ń hú sàréè ní Jiroft ni ọ̀pọ̀ ti dé ọjà láìní orírun. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹ to ìwọ̀nyẹn sí.