Bí A Ṣe Ń Jí Iṣan Ìsàlẹ̀ Ìbàdí àti Iṣan Inú Ikùn Lẹ́yìn Ìbímọ

Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló máa ń fi ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì kí wọ́n tó sín. Ẹni tó wà nítòsí lè má fura, ṣùgbọ́n obìnrin náà mọ̀ pé bí òun kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ díẹ̀ yóò ta sí òun láṣọ. Nínú iṣẹ́ físíò tí mo ń ṣe, èyí tí a fi ń lo ìdárayá láti tọ́jú iṣan àti egungun, mo ti rí i pé àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra kì í sọ ọ́ jáde fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ìyá wọn àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti fi yé wọn pé bí ara ẹni tó ti bímọ ṣe ń rí nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn, iṣan ló dẹ̀, iṣan sì ṣeé kọ́ níṣẹ́ padà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ kọ́. Láti egungun iwájú ìbàdí, níbi tí irun abẹ́ ń hù sí, títí dé egungun tó parí ọ̀pá ẹ̀yìn, ni àwọn iṣan kan tẹ́ sí bí aṣọ tí ènìyàn mẹ́rin dì mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orí wọn ni àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìparí ìfun jókòó lé, àárín wọn náà sì ni ìtọ̀, ọmọ àti ìgbẹ́ ń gbà jáde. Àwọn ni mo pè ní iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí, wọn kò sì dá ṣiṣẹ́. Iṣan kan wà lábẹ́ gbogbo iṣan ikùn yòókù tó yí inú ká bí ọ̀já; àwọn iṣan kéékèèké wà tó so egungun ẹ̀yìn kan mọ́ ìkejì; iṣan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sì dá àyà sọ́tọ̀ kúrò lára ikùn, òun ni a fi ń mí. Bí a bá fi inú wé àpótí, iṣan ìmí ni ìdérí, iṣan ìbàdí ni ìsàlẹ̀, àwọn yòókù sì ni ògiri.

Ní 1996, Paul Hodges àti Carolyn Richardson ti Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ní kí àwọn ènìyàn kan gbé apá sókè kíákíá, wọ́n sì rí i pé iṣan tó dà bí ọ̀já yìí ti fún ara rẹ̀ kí apá tó gbéra. Lára àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, ó pẹ́ kí iṣan náà tó dáhùn. Ìdí nìyí tí n kò fi ń tẹnu mọ́ agbára nìkan fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Iṣan tó lágbára ṣùgbọ́n tó pẹ́ dé dà bí ọlọ́dẹ tó jí lẹ́yìn tí olè ti fo ògiri lọ.

Èémí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí, kí ẹ sì ká orúnkún sókè tí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì yóò fi kan ilẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, kí ẹ gbé èkejì lé ìdodo, kí ẹ wá fa èémí gba imú wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ orí ìdodo yóò fi dìde, tí egungun ìhà yóò sì fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí èémí ṣe ń wọlé, iṣan ìmí ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí náà á sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Bí èémí bá ń jáde, àwọn méjèèjì á padà gòkè. Ẹ ṣe èyí fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta láìfún ohunkóhun. Àwọn aláìnísùúrù máa ń fo ibí yìí, èmi ni wọ́n sì máa ń padà wá bá.

Lẹ́yìn náà ni wíwá iṣan rí, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí èémí bá ń jáde, ẹ fún ojú ihò ìdí pọ̀ bí ẹni tó jókòó láàárín àwọn àgbà tí kò fẹ́ kí isó bọ́ lára òun. Ẹ jẹ́ kí ìfúnpọ̀ náà máa bọ̀ níwájú títí yóò fi dé ibi tí ìtọ̀ ń gbà, kí ẹ wá fà á sókè sínú ara. Ẹran ìdí àti itan gbọdọ̀ rọ̀, èémí kò gbọdọ̀ sé, ẹni tó bá sì ń wò yín lójú kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ ń ṣe nǹkan kan.

Mo rántí abiyamọ kan tó wá sọ́dọ̀ mi nígbà tí ọmọ rẹ̀ kejì pé oṣù mẹ́rin. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òun ti ń fún iṣan náà láràárọ̀, ṣe ni ìtọ̀ ọ̀hún sì ń pọ̀ sí i. Mo ní kó ṣe é kí n rí i. Ó bu ètè jẹ, ó sé èémí, ikùn rẹ̀ sì wú bí búrẹ́dì inú ààrò. Ó ń tì í sísàlẹ̀ ni, bí ẹni tó tún wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí, kó sì rò ó pé òun fẹ́ fi ojú ara ṣa ẹyọ ẹ̀wà kan nílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé kò jù báyìí lọ ni, dókítà?” Mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, mà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà yẹ ara yín wò nílé. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ fi ìka kan kan àárín ojú ara àti ihò ìdí. Bí ẹ bá fún iṣan náà dáadáa, ibẹ̀ á sá fún ìka lọ sókè. Bó bá ń ti ìka síta, ẹ ń ṣe òdì rẹ̀. Arnold Kegel, dókítà àwọn obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa ìdárayá yìí ní 1948, tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí obìnrin fi lè fojú ara rẹ̀ rí bí iṣan rẹ̀ ṣe fún tó. Ní ti dídá ìtọ̀ dúró láàárín, ẹ lè dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè dá iṣan náà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di àṣà, nítorí pé ó lè máà jẹ́ kí àpò ìtọ̀ gbẹ tán.

Bí ẹ bá ti dá a mọ̀, ẹ wo iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ lè fi dì í mú kó tó bọ́. Ó lè jẹ́ 3 péré. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ fún un fún 3, kí ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá fún iye kan náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì tún un ṣe títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ máa fi ẹyọ kan kún un títí yóò fi di 10. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe àwọn kan tó yá, kí ẹ fún un kí ẹ sì tú u lójú ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nítorí pé ikọ́ kì í dúró de ẹni. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé kí iye ìgbà tí ẹ ó fún iṣan náà má dín sí 8 ní ìjókòó kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ó kéré tán oṣù 3. Ìtúsílẹ̀ wà lára ìdárayá náà: iṣan tó ń fún ní gbogbo ìgbà kò ní okun láti fún nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Ó wá ku iṣan ikùn. Nínú ipò ìdùbúlẹ̀ kan náà, ẹ fọwọ́ wá egungun tó yọ níwájú ìbàdí lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ mú ìka wá sínú díẹ̀, kí ẹ sì tẹ ibẹ̀. Ẹ mí jáde, kí ẹ fa ìsàlẹ̀ ìdodo wọlé bí ẹni tó fẹ́ kí ikùn kúrò lára ìró tí ó lọ́ mọ́ra. Ìka yín yóò rí i pé ibẹ̀ le díẹ̀díẹ̀ bí awọ ìlù tí wọ́n ń fà. Bó bá ta ìka dà nù, agbára ti pọ̀ jù. Ìdá kan nínú mẹ́ta agbára yín ti tó. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ yín lára, ẹ dì í mú, kí ẹ sì fi gìgísẹ̀ kan wọ́lẹ̀ lọ síwájú títí ẹsẹ̀ á fi nà, kí ẹ dá a padà láìjẹ́ kí ìbàdí mì, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lè bọ́ sórí ọwọ́ àti orúnkún bí ọmọ tó ń rákò. Ẹ na apá kan síwájú, ẹ dá a padà, ẹ na ẹsẹ̀ òdìkejì sẹ́yìn, ẹ dá a padà. Ẹ rò ó pé wọ́n gbé abọ́ omi lé yín ní ẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ dà. Bí àárín ikùn bá yọ gọngọ bí orí òrùlé, ẹ padà sí èyí tó fúyẹ́.

Gbogbo èyí kò tíì wúlò bí kò bá bá yín dé ìdí iṣẹ́ ilé. Kí ẹ tó wúkọ́, kí ẹ tó sín, kí ẹ tó gbé korobá omi, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti pọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ fún iṣan náà sókè, kí ẹ sì jẹ́ kí èémí máa jáde bí ẹrù ṣe ń gòkè. Ẹ wo àwọn àgbà obìnrin tó mọ iyán gún: bí ọmọ odó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń dún “hùn”, èémí sì ń jáde lẹ́nu wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí nípa ọ̀já tí a fi ń di ikùn lẹ́yìn ìbímọ. Èyí tó rọra gbá ara mú lè fún ẹ̀yìn ní ìtura fún ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n fà le koko títí abiyamọ kò fi lè mí délẹ̀, èmi kò fọwọ́ sí i, nítorí pé ohun tí a fún láàárín gbọdọ̀ wá ibi lọ, ìsàlẹ̀ sì ni yóò gbà. Ìgbẹ́ líle náà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́: ẹ máa mu omi, ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, bó bá sì jẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀ ni ẹ ń lò, ẹ fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ. Ẹ má sì máa lọ tọ̀ nítorí “bóyá ó lè gbọ̀n mí lọ́nà”, ẹ ń kọ́ àpò ìtọ̀ láti má lè gba nǹkan kan dúró ni.

Ẹni tó bímọ wọ́ọ́rọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí fún iṣan náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí kò bá dùn ún, ṣùgbọ́n bí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ bá wà lára, kó dúró kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ prostate, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, fún náà ń lo ìdárayá yìí. Ìdí okó ni wọn yóò máa fà wọlé, kórópọ̀n á sì gbéra díẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fún ohunkóhun. Bí ìbálòpọ̀ bá ń fa ìrora fún yín, tàbí tí ìtọ̀ kì í tètè jáde bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ pé iṣan náà ti le jù. Ìmí nìkan ni kí ẹ máa ṣe títí oníṣẹ́ físíò tàbí dókítà yóò fi yẹ̀ yín wò. Obìnrin tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru láti ìgbà tó ti rọbí pẹ́, ó ṣeé ṣe kí ihò ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Ìdárayá kì í dí ihò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń tún un ṣe. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Bí àárín itan bá kú tipiri, tí ẹ̀yìn ń dùn, tí ìtọ̀ sì dá lójijì tàbí tí kò ṣeé dá dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ṣe é ní ìdúbúlẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ìjókòó, kí ẹ parí rẹ̀ sí ìdúró, nítorí pé orí ìdúró ni ikọ́ sábà máa ń bá ènìyàn. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ lọ sí ẹ̀ka físíò ní ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín, bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: aago tí ẹ mu omi àti iye ife tí ẹ mu, aago tí ẹ tọ̀, àti ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìtọ̀ jò.